Charles Edison, ọmọ tó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé rárá

Tí ọmọ ẹni ńlá bá ti dé ipò, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé "orúkọ bàbá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀." Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ la máa ń bá ọ̀rọ̀ náà dé. A kì í bèèrè ohun tí ọmọ náà fi orúkọ ọ̀hún ṣe.

Ta ni ò mọ Thomas Edison, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó mú kí gílóòbù iná wọ ilé mẹ̀kúnnù, tó sì ṣe ẹ̀rọ tó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tó tún un sọ? Àwọn ọmọ rẹ̀ la ò mọ̀. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn, Thomas kékeré, gbà kí àwọn oníṣòwò lẹ orúkọ Edison mọ́ oògùn tí kò wo nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ wọ́ wọn lọ sí kóòtù, ó sì ń fún ọmọ náà lówó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà tún ta orúkọ òun mọ́.

Charles lọ́rọ̀ mi dá lé. Ọdún 1890 ni wọ́n bí i ní West Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní 1927 ó di ààrẹ ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀, lásìkò tí rédíò ti ń gba ọjà mọ́ àwo orin lọ́wọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ Theodore ní kí àwọn náà máa ṣe rédíò, bàbá fárígá. Ìgbà tí bàbá yóò fi gbà, àwọn ẹlòmíì ti jìnnà lọ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1929, ilé-iṣẹ́ Edison ò ṣe àwo orin mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi wọnú egungun. Wẹ́dà ni bàbá mi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe. Ìṣó kan ló fi ń lu páànù, ihò kan lẹ́yìn èkejì, kó tó wé e mọ́ igi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lo irin tí kì í dípẹtà, gààrí làwọn ènìyàn ń jẹ." Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi kọ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé mo jàre, mo sì dákẹ́, torí bàbá mi ni.

Edison kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1931. Àwọn ìgò gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn oníkẹ́mísírì ń lò, wà nítòsí ibùsùn rẹ̀. Charles ní kí dókítà fi ìda dí wọn lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ yàrá tí bàbá rẹ̀ kú sí lè wà nínú wọn, ó sì fún Henry Ford, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ní ọ̀kan. Ó wà ní mùsíọ́mù ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan, títí dòní. Afẹ́fẹ́ lásán ni lójú ẹlòmíì. Èmi tí ìṣó bàbá mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo mọ ohun tí Charles dí sínú ìgò yẹn.

Ọmọ tó dákẹ́ fún bàbá rẹ̀ yìí náà ló wá bọ́ sínú òṣèlú. Ààrẹ Roosevelt fi í ṣe igbákejì mínísítà ológun ojú omi ní 1937, ó sì di mínísítà gan-an fún oṣù díẹ̀ ní 1940. Lọ́dún yẹn náà ló jáde du ipò gómìnà New Jersey. Bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ Democrat níbẹ̀ ni Frank Hague, tó ti ń jẹ olórí ìlú Jersey City láti 1917. Kò sí ẹni tó ń wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Hague tì í lẹ́yìn, Charles sì wọlé, àmọ́ ó ti sọ níbi ìpolongo pé ẹ̀rí ọkàn òun nìkan lòun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni sàá fún.

Ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yan adájọ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu Hague, ìjà dé. Wọ́n tún forí gbárí lórí gbèsè owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí Charles fẹ́ dẹwọ́ lé lórí. Ní ti ìyẹn, mi ò gbè é pátápátá, torí ìlú Jersey City wà lára àwọn tó yẹ kó gba owó náà. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹnì kan lè wo ojú ẹni tó gbé e gùn ẹṣin, kó sì sọ pé rárá.

Ohun tó tún ń lé kiri ni ìwé òfin tuntun fún ìpínlẹ̀ náà, torí ti 1844 ni wọ́n ṣì ń lò, òun ni kò sì jẹ́ kí gómìnà lò ju ọdún mẹ́ta lọ ní ìtẹ̀léra. Kò rí i ṣe kó tó kúrò lórí àga ní 1944. Ọdún 1947 ni àwọn ará ìlú dìbò fún ìwé òfin tuntun. Ọdún yẹn náà ni Hague fi ipò sílẹ̀, ó sì gbé e lé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìbò lé mọ̀lẹ́bí ọ̀hún lọ.