Irọ́ ni pé ẹni tó bá fẹjọ́ ẹ̀gúnjẹ sùn níbi àyẹ̀wò ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ á tú síta

“Má dá sí i o. Tó o bá fẹjọ́ wọn sùn, wọ́n á pe orúkọ ẹ ní kóòtù.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ lẹ́nu mọ́ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ òfin ò sọ bẹ́ẹ̀.

Abala 64 nínú òfin ọdún 2000 tó dá ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ní àṣírí ni orúkọ ẹni tó ta àjọ náà lólobó, títí kan ibi tó ti sọ ọ́. Kóòtù kankan ò lè ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Bí orúkọ náà bá wà nínú ìwé ẹ̀rí, adájọ́ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n bò ó tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ ẹlòmíràn ni òfin yìí ò dáàbò bò.

Ohun tó sábà ń tú èèyàn fó ni ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí ẹ bá kọ “mo dúró tì í ní aago mẹ́wàá”, tó sì jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ wà níbẹ̀, ẹ ti dárúkọ ara yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́. Tí wọ́n bá ń yẹ bíréèkì wò, táyà ọ̀tún àti òsì á wà lórí rólà tó ń yí, wọ́n á tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ á sì kọ agbára tí bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan fi mú. Bí òsì bá mú tí ọ̀tún ò mú, ọkọ̀ yẹn á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, pàápàá lójú títì tí òjò ti rọ̀ sí. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀gúnjẹ rà láì gbé ọkọ̀ débẹ̀ kì í sábà ní nọ́ńbà wọ̀nyí, tàbí kí wọ́n ṣe àdàkọ ti ọkọ̀ mìíràn sínú rẹ̀. Ẹ mú irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ lọ fún ICPC, pẹ̀lú ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ àti àkáǹtì tí owó wọ̀. Ẹ má fi fóònù ibi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n bá ti béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ́wọ́ sí i. Rárá. Abala 23 ní kí ó tètè lọ sọ. Sísan gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni lábẹ́ abala 9. Nítorí náà, ẹ sọ kí ẹ tó san.

Ti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló le jù. Òfin lè pa orúkọ mọ́, kò lè dí ọ̀gá lọ́wọ́ kó má fura. Kí òṣìṣẹ́ tó sọ ohunkóhun, kó ti kó ẹ̀dà ìwé ìgbàṣíṣẹ́ àti ti ìgbéga rẹ̀ sílé.