Ọjọ́ márùn-ún yẹn ṣì wà níbẹ̀: owó táṣẹ́rẹ́ ló lé àwọn atọ́wò lọ

“Mo wo orúkọ dòméènì kan lánàá, kò sẹ́ni tó tíì rà á. Mo padà dé lónìí, wọ́n ti gbé e lọ. Àwọn tó ń fi ọjọ́ márùn-ún ọ̀fẹ́ ṣe jìbìtì ni, apá ICANN ò ká wọn.” Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ. (Dòméènì ni orúkọ ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ICANN sì ni àjọ tó ń ṣe òfin lórí rẹ̀.) Àwọn mìíràn á tún ní rárá, pé ICANN ti fagi lé ọjọ́ náà pátápátá, òun ló jẹ́ kí jìbìtì náà tán. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí alágbàtà tó ń ta dòméènì fún wa bá forúkọ .com kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Verisign, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo orúkọ .com, ó ní ọjọ́ 5 láti pa á rẹ́, Verisign á sì dá owó rẹ̀ padà. Nítorí àṣìṣe ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀: oníbàárà lè ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, káàdì tó fi sanwó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí. (Àárín alágbàtà àti Verisign ni àdéhùn náà wà o. Bóyá ìwọ tó rà á á rí owó rẹ gbà padà, ọwọ́ alágbàtà rẹ ló wà.)

Àwọn kan wá rí ihò níbẹ̀. Wọ́n á forúkọ rẹpẹtẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé ìpolówó lé gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n á máa ka iye èèyàn tó ṣèèṣì yà síbẹ̀. Kí ọjọ́ karùn-ún tó pé, wọ́n á mú èyí tó ń pawó, wọ́n á da ìyókù nù láì san nǹkan kan. Ìtọ́wò ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008 nìkan, orúkọ tí wọ́n pa rẹ́ láàárín ọjọ́ 5 yẹn lé ní mílíọ̀nù 17.

Àwọn kan ní kí wọ́n fagi lé ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Owó ni ICANN fi sí i. Láti oṣù keje ọdún 2008, alágbàtà tó bá pa orúkọ rẹ́ kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún orúkọ tuntun tó kù sí i lọ́wọ́ lóṣù náà, tàbí kọjá 50, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì, á san sẹ́ǹtì 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ǹtì 20 péré! Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gba mílíọ̀nù kan orúkọ, tó mú 10,000 nínú rẹ̀, 1,000 péré ló lè dà nù lọ́fẹ̀ẹ́. 989,000 tó kù á ná an ní dọ́là 197,800. Ìpolówó orí orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí kò lè pa irú owó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Lóṣù keje yẹn gan-an, iye náà já wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù 2.8. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, òfin tó le jù ú lọ dé: odidi owó orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ìwọ̀n yẹn ni alágbàtà á pàdánù, èyí tó lé ní dọ́là 6 lórí .com nígbà yẹn. Oṣù náà parí pẹ̀lú bíi 58,000.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé kì í ṣe Google ló ṣe é, torí ní oṣù kìíní ọdún 2008 wọ́n kéde pé àwọn ò ní jẹ́ kí ìpolówó pawó mọ́ lórí orúkọ tí kò tíì pé ọjọ́ 5. Ìbéèrè gidi ni, ẹni tó bá fẹ́ díwọ̀n òfin kò gbọdọ̀ fò ó. Ó ṣeé ṣe kó ran òfin náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìkéde yẹn ni mílíọ̀nù 17 wáyé, oṣù tí owó bẹ̀rẹ̀ ló sì já. Fún mi, owó ló jẹ̀bi.

Kí ló wá gbé orúkọ tìrẹ lọ? Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn rà á lásán. Bó bá sì jẹ́ tìẹ tẹ́lẹ̀, tó o gbàgbé láti sanwó ọdún, ọ̀nà mìíràn ló gbà lọ: lẹ́yìn tí alágbàtà bá pa á rẹ́, o ní ọjọ́ 30 láti rà á padà, lẹ́yìn náà ó tún kù ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án, kó tó bọ́ sọ́jà. Ọjọ́ 5 kejì yìí kì í ṣe ti ìtọ́wò. Àwọn tó ń dúró de orúkọ tó bọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ, owó gidi ni wọ́n sì fi ń gbà á.

Ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ ṣì wà fún ẹni tó ṣi lẹ́tà tẹ̀. Kọ̀wé sí alágbàtà rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó kọjá.