Ta ló sọ fún yín pé bàtà eré máa ń fẹ̀?

"Á fẹ̀, Àǹtí. Ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́ lọ, á fẹ̀."

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí. Ẹni tó bá ti ra bàtà eré ní Abẹ́òkúta yìí, ì báà jẹ́ ní Kútọ̀, ì báà jẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó da òkìrìkà sílẹ̀ sórí tapólì lẹ́bàá títì ní Láfẹ́ńwá, gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń sìn ín dé ilé. Lánàá Sátidé, mo tún bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàdé ní ìsọ̀ oníbàtà kan, ó sì ti sú mi. Ó ti sú mi pátápátá.

Agùnbánirọ̀ kan, ọmọbìnrin, ló padà wá sí ìsọ̀ náà. Bàtà wà nínú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, sílípáàsì ló wọ̀. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ti ìka tó tẹ̀ lé e ti ń ṣí kúrò lára ẹran. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi wọ bàtà ọ̀hún. ₦27,000 ló fi rà á, nínú owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba ń san fún wọn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí oníbàtà sọ fún un: "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sáré."

Kì í ṣe ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹ jẹ́ ká wò ó. Òun ni kò mọ eré sá!

Ọmọ náà sọ bó ṣe ra bàtà náà, oníbàtà sì wà níbẹ̀, kò já a nírọ́ nínú ọ̀rọ̀ kankan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló dé ìsọ̀. Ó ní nọ́ńbà 40 lòun máa ń wọ̀. Oníbàtà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀kánkán, ó ní 39 ni, pé 40 á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fún un ní àpótí kó jókòó. Ó mú ẹyọ ẹsẹ̀ òsì wá, torí pé wọ́n ti so ẹyọ ọ̀tún kọ́ sókè fún àwòrán, kò sì wù ú láti tú okùn rẹ̀. Ọmọ náà ki ẹsẹ̀ lásán bọ̀ ọ́, láìsí ìbọ̀sẹ̀. Oníbàtà wá fi àtàǹpàkò tẹ iwájú bàtà, ó ní, "Ẹ wò ó, àyè ṣì wà." Nígbà tí ọmọ náà ní ó ń fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà yẹn ni "á fẹ̀" jáde.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò, torí kò sí ìgbésẹ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe.

Àárọ̀ kọ́ ni à ń wọn ẹsẹ̀ fún bàtà eré. Ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, á tún wú sí i téèyàn bá ti ń sáré. Ìrọ̀lẹ́ lẹsẹ̀ ẹni ń fi bó ṣe tóbi tó hàn. Ìkejì, a kì í jókòó wọn ọ́n. Téèyàn bá dìde, tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á gùn sí i, á sì fẹ̀ sí i. Ìkẹta, ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Èyí tó tóbi nínú wọn là ń ra bàtà fún. Òsì ni wọ́n fi dán bàtà ọmọ yìí wò, èékánná ọ̀tún ló dúdú. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ká ní ó tú okùn yẹn kalẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan péré!

Àtàǹpàkò tí wọ́n sì fi ń tẹ iwájú bàtà yẹn, ẹ̀tàn gbáà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ lórí ìka ẹsẹ̀, ìka á sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àyè tí oníbàtà rí, ọwọ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: fa ìtẹ́nú bàtà, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú rẹ̀, yọ, gbé e sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á dúró lé e lórí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó máa fi sáré, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Iwájú ìka tó gùn jù gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù ní mìlímítà 10 sí 12, ìyẹn bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́. Ìka tó gùn jù ni mo wí, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ìka kejì lọ. Bí ẹsẹ̀ bá sì yọ kọjá etí ìtẹ́nú lọ́tùn-ún lósì, bàtà yẹn há, kì báà gùn tó ọkọ̀ ojú omi.

Kí wá ni 39 dípò 40 gbé lọ? Nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ EUR sí, ìyẹn ti ilẹ̀ Yúróòpù, láti orí kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 7 díẹ̀ kù. Àyè tó yẹ kó wà jẹ́ 10 sí 12. Yọ 7 kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kù fún èékánná ọmọ ọlọ́mọ. Kí ẹ tún rántí pé ìlú abẹ́ àpáta nìyí. Ẹni tó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà Olúmọ wá sí Ìtokú, gbogbo ìṣísẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lọ síwájú nínú bàtà. Bí àyè ò bá sí, èékánná ló ń kan ògiri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ á sé sábẹ́ rẹ̀, á dúdú, á ṣí. Kò kan bí èèyàn ṣe ń sáré rárá.

Ẹ jẹ́ kí n tún mẹ́nu ba ihò kékeré tó dá wà lókè pátápátá lára bàtà eré, lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti gbọ́ tí oníbàtà kan ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́! Ẹ ó ki okùn bọ inú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà tí okùn ti jáde, kó ṣẹ́ ojú kékeré kan sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí ẹ wá ki okùn ọ̀tún bọ ojú ti òsì, ti òsì bọ ojú ti ọ̀tún, ẹ fà á, ẹ so ó. Gìgísẹ̀ ò ní yẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ló mọ iye èékánná tí ihò yẹn ì bá ti gbà là ní ìlú olókè bí èyí, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ni.

Ká padà sórí "á fẹ̀". Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Bàtà aláwọ máa ń fẹ̀ lóòótọ́, torí awọ ẹran ni, ooru ara àti ìlò á rọ̀ ọ́. Àmọ́ aṣọ fọ́nrán ike tí wọ́n hun bí àwọ̀n, tí wọ́n fi ike àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n fi ṣe òkè bàtà eré. Ó lè dẹ̀ díẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kò ní fẹ̀ ní ìbú, láéláé ni kò sì ní gùn sí i, torí fóòmù àti rọ́bà ìsàlẹ̀ ló di gígùn rẹ̀ mú. Bàtà eré tí kò bá bá ọ lára mu lórí ìdúró ní ìsọ̀, kò ní bá ọ lára mu láéláé. Bí wọ́n bá ní kí o lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n ní kó o lọ fi tọ́ ọ.

Àwọn ìyá wa àgbà gbọ́n jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyá bá ń lọ sọ́jà láti ra bàtà fún ọmọ tó fi sílé, á ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan, á fi wọn àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, á mú un lọ sọ́dọ̀ oníbàtà. Igi ìgbálẹ̀! Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ oníbàtà, ẹ̀rọ POS wà lórí tábìlì, síbẹ̀ ojú ló fi ń wọn ẹsẹ̀ oníbàárà.

Òkìrìkà tiẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ gidi. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: òkìrìkà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa rí bàtà tó dára wọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń tà á. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni ọ̀dà funfun. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ bàtà, wọ́n á sá a sí oòrùn gangan, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n á wá kun fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà funfun kí ìwúnjọ ara rẹ̀ má bàa hàn. Ìwúnjọ yẹn gan-an ló yẹ kí oníbàárà rí! Kìlómítà 500 sí 800 ni bàtà eré sábà máa ń lò kí fóòmù rẹ̀ tó kú. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní òkè òkun bá ti sá 600 lára rẹ̀, kí lẹ̀ ń tà fún wa? Rọ́bà ìsàlẹ̀ lè ṣì dára, kí fóòmù ti kú sínú. Eékún àti ojúgun ló máa sọ fún èèyàn lóṣù tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra òkìrìkà, ẹ gbé bàtà lé orí pákó tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi sílẹ̀, ìrìn ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ká a: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ká, bó bá ká láàárín bí ìwé, ẹ má rà á. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀, ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì padà. Èyí tó bá le bí igi ti kú. Àwọn fóòmù kan sì wà tí ọ̀rinrin àti ooru máa ń jẹ látinú, pàápàá bí bàtà bá ti pẹ́ nílẹ̀ láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn lẹ ó rí tó ń rún wómúwómú bí búrẹ́dì gbígbẹ lójú títì, bẹ́ẹ̀ bó ṣe rí lọ́jà, tuntun ni. Ṣúmékà kò lè tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà ìsàlẹ̀ yí ká, omi ló ń ṣínà fún.

Nọ́ńbà ńkọ́? Abẹ́ ahọ́n bàtà ni wọ́n kọ ọ́ sí: UK, US, EUR, CM. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kà fún oníbàárà. Nọ́ńbà US ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin ní bí ọ̀kan àbọ̀, wọ́n á pa á pọ̀. EUR 40 ti ilé iṣẹ́ kan sì lè fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà yàtọ̀ sí ti òmíràn. CM, ìyẹn gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sì fi ìtẹ́nú jẹ́rìí sí i. Bí lẹ́tà bá wà níbẹ̀, D ni ìbú ẹsẹ̀ ọkùnrin lásán, B ti obìnrin, 2E fún ẹsẹ̀ tó fẹ̀. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ lè wọ ti ọkùnrin, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Èyí tó tún ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń dẹ́rù ba ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ. "Àtẹ́lẹsẹ̀ yín ò ní kòtò, èyí tó wọ́n yìí nìkan lẹ lè wọ̀." Wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́: wọ́n yan bàtà fún àwọn kan gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe rí, wọ́n fún àwọn yòókù ní irú kan náà láìwo ẹsẹ̀. Iye ìpalára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bàtà tó bá tu ẹsẹ̀ lára nígbà tẹ́ ẹ bá fi sáré díẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ó ti sáré? Orí páálí ni wọ́n ń gbé oníbàárà dúró lé, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ọwọ́ lára igi agboòrùn, ọlọ́kadà ń fun fèrè sí i nídìí. Bó bá ní òun fẹ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní ó fẹ́ gbé bàtà lọ.

Ọmọ yẹn dúró títí lánàá. Ó ní kí wọ́n kúkú pààrọ̀ rẹ̀ sí 40 fún òun, òun á fi owó kún un. Wọ́n ní ọjà tí wọ́n bá ti tà, ó tà nìyẹn. 40 wà níbẹ̀ o, mo fi ojú mi rí i, òun ni wọ́n so kọ́ sókè báyìí. Ó gbé ọ̀rá dúdú rẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ rìn lọ.

Rúlà onígi ni mo fẹ́, irú èyí táwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ kan án mọ́ pákó, ẹ gbé e kalẹ̀ sí gbogbo ìsọ̀ bàtà ní ìlú yìí, láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kẹ́ ẹ sì wá ọmọ ọlọ́mọ yẹn rí, kẹ́ ẹ dá ₦27,000 rẹ̀ padà.