Ẹni tó ń kọ ebè, ẹni tó ń kà á

Àgbẹ̀_Kóòdù:
Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí Bitcoin mọ Bitcointalk, ojúde orí ayélujára tí Satoshi Nakamoto, ẹni tó dá Bitcoin sílẹ̀, fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2009. Ibẹ̀ ni Laszlo Hanyecz kọ ọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2010 pé òun á fún ẹni tó bá bá òun ra píṣà méjì ní 10,000 Bitcoin. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Ẹnì kan á béèrè pé, "Ṣé Bitcoin ṣì lè gbówó lórí sí i?" Ogójì ènìyàn á dá a lóhùn, ogójì náà á sì ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ kí ẹ fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ohun tí ẹni iwájú rẹ̀ kọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí ayélujára àti àwọn tó ń ṣẹ́ owó kírípítò ń sanwó fún àwọn ènìyàn kí wọ́n gbé ìpolówó wọn sábẹ́ orúkọ wọn. Signature ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìgbà tó o bá sọ̀rọ̀, ìpolówó náà á yọ lábẹ́ rẹ̀. Iye ìgbà tó o bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó rẹ.

Nígbà tí bàbá mi ń dáko ní Ṣakí, igba-igba ebè ni wọ́n fi ń bá àwọn alágbàṣe dúnàá-dúrà. Ọdún tí àìsàn ò bá jẹ́ kí bàbá lọ dúró tì wọ́n, ebè á kéré bí orí ọmọ tuntun, iṣu tá a bá wà níbẹ̀, ọmọdé kan á dá a jẹ tán. Alágbàṣe ò jalè. Iye la ní kó kọ, iye ló kọ. Èmi ní kí wọ́n fòfin de sísanwó lórí iye. Ẹni tó bá fẹ́ polówó, kó mú owó oṣù kan, kó gbé e fún ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ì báà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré.

Ọmọ_Bódìjà:
Ẹ̀gbọ́n, èmi ni alágbàṣe tí ẹ ń sọ yẹn. Nígbà tí ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, tí a jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, signature ni mo fi jẹun, òun náà ni mo fi san owó yàrá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀ ni tiwa. Kí n má purọ́ fún yín: mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa ń dára. Mo máa ń ka tàwọn ẹlòmíì, mo máa ń lọ wá ẹ̀rí. Láti orí ìkọkànlá, omi ni mo ń bù kún ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó oṣù tí ẹ wí yẹn, ta ni wọ́n máa gbé e fún? Àwọn àgbà tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni. Ọmọ tuntun ò ní ríbi wọlé.

Màmá_Tèmi:
Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin méjèèjì, kí wọ́n pa á rẹ́ pátápátá ni tèmi.

Lọ́dún 2017, nígbà tí owó kírípítò tuntun tí wọ́n ń pè ní token ń jáde lójoojúmọ́ bí ọmọ ehoro, mo rí ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Mo ka ìyìn yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó báyìí ò lè fọ́jú pọ̀. Mo kó owó tí mo fẹ́ fi ra aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù lé e. Àṣé token yẹn gan-an ni wọ́n ṣèlérí pé wọ́n á fi sanwó fún àwọn tó ń yìn ín, èyí tí wọ́n ń pè ní bounty. Àfi kí irú èmi rà á kí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tó lè di owó! Nígbà tí ọdún yí, kò sẹ́ni tó ń dá orúkọ rẹ̀ mọ́.

Alùlù tó wá kí ọ níbi ìnáwó, owó ló ń wá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìlù wà ní èjìká rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò gbé ìlù dání.

Kim Kardashian, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, gba 250,000 dọ́là láti polówó token kan tó ń jẹ́ EthereumMax, kò sọ fáwọn tó ń tẹ̀ lé e pé wọ́n sanwó fóun. Lọ́dún 2022, SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mú un, ó sì fara mọ́ ọn láti san mílíọ̀nù kan ó lé 260,000 dọ́là. Ṣé torí pé àwọn tiwa ò lókìkí ni kò fi sẹ́ni tó máa bi wọ́n?

Gbẹ̀du_Tutù:
Màmá, ẹ ṣáà dúpẹ́ pé kì í ṣe píṣà lẹ fi owó yẹn rà 😂

Ọmọ_Bódìjà:
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Bounty tó jẹ yín lówó yẹn, ìlù inú àpò ni lóòótọ́. Ti signature, ìlù náà wà níta gbangba, gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi ló ń rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà mí.

Màmá_Tèmi:
Ìlù tó ń dún lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn, ta ló tún ń gbọ́ ọ, ọmọ mi?

Olówó_Ọ̀sẹ̀:
Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ. Ó ṣe pàtàkì kí kálukú ṣe ìwádìí tirẹ̀ kó tó náwó. Ẹ ṣeun.

Gbẹ̀du_Tutù:
Ẹ gbà mí! Spam, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ti wọ ibi tá a ti ń sọ ọ̀rọ̀ spam. Ẹni yìí, kò sẹ́ni tó ń sanwó níbí o!

Alámòójútó_Àná:
Mo ṣe máníjà fún àwọn ìpolówó yìí fún ọdún mẹ́ta kó tó sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, torí ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbìyànjú rí.

Tẹ́lẹ̀, pípẹ́ ní Bitcointalk nìkan ló ń gbé ènìyàn ga. Bó o bá ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa fún ọ ní àmì, kò lè ju mẹ́rìnlá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ipò tó bá ga ni owó rẹ̀ ń pọ̀. Kí làwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n ń sin àkántì bí adìẹ. Ẹnì kan á ní ogún, á máa bọ́ wọn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá dàgbà tán á tà wọ́n. Lóṣù kìíní ọdún 2018 ni theymos, ọ̀gá ibẹ̀, gbé àmì ìyìn tí wọ́n ń pè ní merit jáde. Láti ọjọ́ náà, o ò lè gòkè àyàfi tí àwọn ẹlòmíì bá rí ohun tó o kọ, tí wọ́n sì fún ọ. Mẹ́wàá kó o tó dé ipò tí wọ́n ń pè ní Member, 100 fún Full Member, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 1,000 fún Legendary. O ò sì lè máa pín in bó ṣe wù ọ́: tó o bá gba méjì, ẹyọ kan lo lè fún ẹlòmíì. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n tún gba signature lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó ṣiṣẹ́ o. Adìẹ sísìn dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ sí ipò wọn, àwọn gan-an ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ogójì tí Àgbẹ̀ ń sọ. Merit ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò ṣọ́ inú ilé.

Èmi náà wá ńkọ́? Ogún ènìyàn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 500 ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kà lọ́sẹ̀. Tí mo bá fagi lé márùn-ún nínú ti ẹnì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lólè. Nígbà kan mo ní kí ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa san ti mẹ́wàá nìkan, kí ẹnikẹ́ni má gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn, ẹ̀ ń rí ọ̀rọ̀ tó kún. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní orúkọ àwọn ò hàn tó, wọ́n gbé iṣẹ́ fún máníjà mìíràn.

Ṣàlàkọ́_Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá máníjà. Ṣùgbọ́n gbogbo yín, òfin lórí òfin lẹ ń tò. Àwa tá a sá kúrò lọ́dọ̀ báńkì, a tún fẹ́ gba ọlọ́pàá? Bọ́tìnnì wà tẹ́ ẹ lè fi dí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá wù yín.

Ẹ sì má gbàgbé ìtàn. Lọ́dún 1997, Adam Back gbé Hashcash jáde nítorí spam inú ímeèlì. Kí lẹ́tà rẹ tó lọ, kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó ń fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ ò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó ń fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ á sunkún. Satoshi tọ́ka sí i nínú ìwé rẹ̀ ọdún 2008, irú ìṣirò yẹn náà ni wọ́n fi ń wa Bitcoin. Tó bá jẹ́ òfin lẹ fẹ́ ṣáá, kí ẹni tó fẹ́ gbé signature fi owó ìdúró díẹ̀ sílẹ̀. Tó bá da ìdọ̀tí, owó lọ. Ó tán.

Àgbẹ̀_Kóòdù:
Ṣàlàkọ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi, àfi ìgbà tí mo tún un rò. Hashcash mú kí lẹ́tà ná ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ ní nǹkan. Ti signature, ẹni tó ń ránṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún! Owó ìdúró yín á jáde lẹ́ẹ̀kan, owó ọ̀sẹ̀ á máa wọlé láìdáwọ́ dúró. Tí ẹ bá fẹ́ kó dun ẹnì kan, ẹ jẹ́ kó dun ẹni tí owó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ọmọ_Bódìjà:
Lára wa, ẹni tó máa rí owó ìdúró yẹn san ò ní wá signature ṣe. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ ti gbàgbé ilé.

Ṣàlàkọ́_Peckham:
N ò gbàgbé o. Mo gbà lórí ìyẹn. Lórí ọlọ́pàá, n ò gbà.

Olówó_Ọ̀sẹ̀:
Ẹ má bínú sí èyí tí mo kọ ṣáájú. Ó ti di bárakú ni. Mo ti ń kọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni mo wà.

Alámòójútó_Àná, ohun kan wà tí ẹ ò sọ, bóyá torí ẹ ti kúrò nídìí rẹ̀. Àwa tá à ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ti di ará àtijọ́. Wọ́n ti gbé katakata wọ oko. Ẹnì kan á da ìbéèrè sínú ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé bí ènìyàn, á gbé èsì rẹ̀ wá, ìpínrọ̀ mẹ́ta, kò sí àṣìṣe kan, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń fi àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú wa. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó mọ́ jù lọ ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bíi tèmi, ó ń bá ẹ̀rọ kọ ebè. Kì í sì í rẹ ẹ̀rọ.

Alámòójútó_Àná:
Òótọ́ lẹ sọ. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbé ẹ̀bi fún irú yín. Ohun tí mo rò pé ó lè gún un rèé: bí ìpolówó kan bá kún fún ìdọ̀tí, kí wọ́n gba signature lọ́rùn gbogbo àwọn tó ń gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, fún oṣù méjì, àti tẹni tó kọ dáadáa àti tẹni tí kò kọ dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó sọ fún mi pé orúkọ òun ò hàn tó, á wá rí i pé kò ní hàn rárá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á mọ ìwúlò máníjà tó ń kàwé.

Ọmọ_Bódìjà:
Kí ẹni tó kọ dáadáa jìyà mọ́ ọn? Haba!

Alámòójútó_Àná:
Á máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nìyẹn. Lọ́wọ́ tá a wà yìí, ṣé o ti ta máníjà rẹ lólobó rí pé ẹnì kan ń da omi sọ́bẹ̀?

Ọmọ_Bódìjà:
…Rárá. Èmi náà ń dà á.

Àgbẹ̀_Kóòdù:
Ó dáa, mo yọwọ́ nínú owó oṣù tí mo kọ́kọ́ wí. Mo fara mọ́ ti mẹ́wàá péré, kí ìjìyà sì kan ẹni tó ni ìpolówó. Bàbá mi náà, nígbà tó yá, kò fi igba ebè dúnàá-dúrà mọ́. Á gé igi kan, á ní ebè tí kò bá ga tó èyí, n ò kà á mọ́ ọn.

Màmá_Tèmi:
Ẹ̀yin ẹ máa wọn ebè. Èmi ò padà sí oko yẹn.

Olówó_Ọ̀sẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ó ku mẹ́fà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó pé, aago mọ́kànlá sì ti kọjá.

Alámòójútó_Àná:
Ẹ kọ mẹ́fà náà dáadáa o.

Olówó_Ọ̀sẹ̀:
Ọ̀gá, ta ló máa kà á bí ẹni ń kàwé? Bí ẹni ń ka owó ni wọ́n máa kà á.