Wọ́n Ń Kọ́ Ehoro Ní Ìfò

Àṣà tuntun ti dé o. Ẹni tó ń sin ehoro nínú ilé kì í ṣe ẹni tó ń sin ehoro mọ́, olùkọ́ ni. Ẹ óò bá a lórí ìkúnlẹ̀ láàrin pálọ̀, ìpanu kún àpò, fóònù ń ká fídíò lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró, kílíkà wà lọ́wọ́. Kílíkà ọ̀hún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ike pélébé kan ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dún kẹ́! Ehoro ṣe ohun tó wu olùkọ́, kẹ́!, ó gba ìpanu. Ó tún un ṣe, kẹ́!, ìpanu. Kò pẹ́ kò jìnnà, fídíò ti jáde: "Ẹ wo ọmọ mi, ó ti mọ ìfò!"

Ehoro ló mọ ìfò o. Ẹ ò gbọ́ nǹkan?

Àbí wọ́n rò pé ọkọ̀ làwọn baba ńlá ehoro ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Mo ti fara balẹ̀ wo gbogbo ohun tí wọ́n fi ń yangàn, n kò tíì rí èyí tí ehoro kò gbé wáyé látinú ìyá rẹ̀. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n ní àwọn ló kọ́ ọ. Ehoro inú igbó ń dìde bẹ́ẹ̀ láti wo ibi tí ọ̀tá ń gbà bọ̀, kò sì sẹ́ni tó tẹ ike fún un. Ó gba inú páálí wọlé, ó gba òdìkejì jáde, ìdùnnú ṣubú layọ̀. Ẹran tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò, tó ń bímọ síbẹ̀, tó ń sá pamọ́ síbẹ̀, ẹ wá ń kọ́ ọ ní wíwọ ihò! Kí ẹnì kan jókòó sétí odò, kó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹja, kó wá lọ gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ìyá ẹja, bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti àwọn ọdún 1970 làwọn ará Sweden ti ń ṣe ìdíje ìfò fún ehoro, wọ́n fi ti àwọn ẹṣin tó ń fo igi ṣe àwòkọ. Lọ́dún 1997, ehoro kan ní Denmark fò tó sẹ̀ǹtímítà 99.5 sókè. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi fò ó.

Ká má purọ́ mọ́ni, ọgbọ́n tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọdé. Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà ti fi hàn wá pé ajá tó bá ń gbọ́ ìró kan ṣáájú oúnjẹ yóò máa da itọ́ tó bá ti gbọ́ ìró náà. B. F. Skinner mú un lọ síwájú ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú eku àti ẹyẹlé. Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Keller Breland àti Marian ìyàwó rẹ̀, ló sọ ọ́ dòwò lọ́dún 1947: adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ehoro, kò sí èyí tí wọn ò kọ́ níṣẹ́ kí àwọn èèyàn lè sanwó wò ó. Karen Pryor, olùkọ́ ẹran, wá lo fèrè fún àwọn dolphin, ẹran inú òkun tó jọ ẹja ńlá, ní Hawaii, nítorí ta ló máa fokùn fa dolphin, ta ló sì máa nà án? Òun wà lára àwọn tó gbé kílíkà dé ọ̀dọ̀ àwọn alájá ní àwọn ọdún 1990. Láti ọ̀dọ̀ alájá ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìyá ehoro àti bàbá ehoro, ìyẹn lorúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn yìí tí ìyá ehoro kì í fi sínú fídíò. Lọ́dún 1961, tọkọtaya Breland kan náà kọ̀wé jáde pé ọwọ́ àwọn ò ká àwọn ẹran yìí mọ́. Wọ́n kọ́ raccoon, ẹran igbó kan ní Amẹ́ríkà, pé kó máa ju owó ẹyọ sínú àpótí. Owó dé ọwọ́ raccoon, ó ń fi ọ̀kan gbo èkejì bí ẹní ń fọ oúnjẹ, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́ ẹlẹ́dẹ̀ pé kó máa gbé tiẹ̀ lọ sínú kóló. Ẹlẹ́dẹ̀ jù ú sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fi imú tú u nílẹ̀. Ebi ń pa wọ́n o, wọ́n sì mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ níwájú! Àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun ló sọ ọ́ pé ẹran á máa yọ́ padà sídìí ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹni tó ra kílíkà lánàá wá ń bá mi jiyàn.

Ẹ tún gbọ́ ti kílíkà fúnra rẹ̀. Etí ehoro ni wọ́n fi ń mọ ehoro, ohun tó sì wà fún jù ni kó tètè gbọ́ ikú kó tó dé. Ẹ wá dún irin lẹ́bàá rẹ̀. Òmíràn á dúró gan-an bí igi, òmíràn á fẹsẹ̀ ẹ̀yìn lulẹ̀ gbì, ó ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ogun dé. Àtúnṣe tí àwọn ọ̀gá wọn fọwọ́ sí ni pé kẹ́ ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé kílíkà. Ohun tí wọ́n torí ìró rà, wọ́n ń fi aṣọ di ìró náà lẹ́nu! Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bírò tí wọ́n ń tẹ̀ nídìí náà lè ṣe é, ahọ́n yín pàápàá lè ṣe é. Ahọ́n, tí a ti fi ń pòṣé láti kékeré, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ojú ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ehoro wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyíjú. Ibi tí kò rí kò ju abẹ́ imú rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ wa ń gbé ìpanu sí. Ehoro ń fi ètè wá a kiri, olùkọ́ ń mi orí: "Kò tètè mọ nǹkan, èyí."

Ẹ wá wò ó bó ṣe ń lọ nínú pálọ̀. Ìyá ehoro kan na ọ̀pá kékeré kan síwájú, bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀, ehoro ní láti fi imú kàn án. Ehoro gbọ́ òórùn ọ̀pá. Ó yà lọ sídìí àga, ó fi àgbọ̀n nu ẹsẹ̀ àga. Òórùn ara rẹ̀ ló fi síbẹ̀, àga ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ó tẹrí ba, ó gba ìgbẹ́ rírọ̀ rẹ̀ nídìí gan-an, ó gbé e mì níwájú fídíò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a, kò sì béèrè owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí wáyà ṣájà. Eyín ehoro ò yéé dàgbà, ohun tó máa rún ló ń wá. Ṣé obìnrin máa pariwo ni? Rárá o, èèwọ̀ ni, wọn kì í bá ehoro wí. (Ọkọ tó fọ gbogbo abọ́ nínú ilé kan náà lárọ̀ọ́ yẹn kò gbọ́ kẹ́, kò gbọ́ kẹ̀.) Ó mi agolo ìpanu ṣakaṣaka. Ehoro ju wáyà sílẹ̀, ó sáré wá, kẹ́!, ó jẹun. "Ó ti mọ ìpè!" Ehoro padà sídìí wáyà. Ó gbé eyín lé e, kò gé e, ó yíjú wo agolo.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni inú agolo náà. Koríko gbígbẹ ló yẹ kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ehoro. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gé fún un, ṣúgà ló kún inú wọn, ehoro kò sì lè bì. Bí ìfun rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ di ọ̀la kí dókítà ẹran tó rí i.

N kò ní kò dára rárá o. Kí ehoro fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú àpótí tí wọ́n fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, láìjẹ́ pé wọ́n lé e yí ilé po, láìjẹ́ pé ó ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn débi tí eegun ẹ̀yìn á fi kán, ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn. Kílíkà lè ṣe é, ẹni tó ní sùúrù á sì rí i. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wo fídíò ehoro tó wọ àpótí, tó jókòó?

Nísinsìnyí wọ́n ti gbọ́ pé ehoro kan ṣoṣo kì í gbádùn ayé, pé ó fẹ́ ẹnìkejì. Òótọ́ ni. Wọ́n ti mú ìkejì wálé, ẹ̀kọ́ sì ń lọ. Olùkọ́ tẹ kílíkà lẹ́ẹ̀kan. Méjì ló wá gbowó iṣẹ́, èyí tó fò àti èyí tó ń sùn lábẹ́ àga.