Kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ba sáà Leeds Rhinos jẹ́ lọ́dún 2016

Bí ẹgbẹ́ rọ́gbì líìgì bá ti ń fìdí rẹmi léraléra, ohun kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn: ẹ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá! Wọ́n á ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́, pé bí ẹlòmíràn bá ti dé, nǹkan á yí padà. Irọ́ gbáà ló sábà máa ń jẹ́, Leeds sì ni ẹ̀rí mi.

Lọ́dún 2015, ife mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Leeds kó lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Brian McDermott. Wọ́n na Hull KR ní 50 sí 0 nínú àṣekágbá Challenge Cup, wọ́n ṣe ipò kìíní lórí tábìlì Super League, ìyẹn líìgì tó ga jù níbẹ̀, wọ́n sì fi 22 sí 20 borí Wigan nínú Grand Final, eré àṣekágbá tó ń pinnu ẹni tó máa gba líìgì náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ipò kẹsàn-án nínú méjìlá ni wọ́n wà lẹ́yìn eré 23. Ni wọ́n bá wà láàárín àwọn tó ń jà kí wọ́n má baà já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ariwo ta: McDermott ti tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ti yó.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Kevin Sinfield tó jẹ́ balógun ikọ̀, Jamie Peacock àti Kylie Leuluai lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, odò Aire kún àkúnya, omi ya bo pápá ìgbaradì wọn ní Kirkstall, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa lò kiri. Sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Danny McGuire, balógun tuntun, farapa.

Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fojú kéré jù. Nínú rọ́gbì líìgì, bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọ́n máa dá yín dúró kó tó di tàwọn alátakò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà karùn-ún, ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi gbá a lọ. Ṣé sókè fíofío ni, kí wọ́n lè fò dù ú nítòsí ìlà ilé àwọn alátakò? Àbí kó yí gbirigbiri lọ sí kọ̀rọ̀ pápá? McGuire ló máa pinnu, kíá, nígbà táwọn géńdé ń sáré bọ̀ wá kọlù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún lòun àti Sinfield ti jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ta ló máa kọ́ ọmọ tuntun ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjì?

Leeds ò lé McDermott. Kódà nígbà tí Castleford lù wọ́n bolẹ̀ ní 66 sí 10 lóṣù Kẹta ọdún 2017, wọn ò lé e. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ní Old Trafford, wọ́n na Castleford kan náà ní 24 sí 6 nínú Grand Final, wọ́n sì gba Super League. McGuire ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó dáa jù lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí nǹkan tún dojú rú lọ́dún 2018, wọ́n lé e lóṣù Keje. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má bọ́ sáàárín àwọn tó ń jà fún ẹ̀mí wọn. Dave Furner gba iṣẹ́ náà fún sáà 2019. Lóṣù Karùn-ún, wọ́n ti lé òun náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lóòótọ́, Richard Agar tó tẹ̀ lé e gba Challenge Cup lọ́dún 2020, mi ò sì ní fi ìyẹn dù ú.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ìgbà tó bá burú jù ni wọ́n máa ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lẹ́yìn náà, ara àwọn tó farapa á yá, ẹni tuntun á sì gba ọpẹ́. Ẹ wo Parramatta ní Australia: wọ́n gbé ìdí tábìlì NRL, líìgì rọ́gbì líìgì tó ga jù níbẹ̀, lọ́dún 2018, wọ́n sì fi akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Brad Arthur, sílẹ̀ sípò rẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n ṣe ipò karùn-ún, wọ́n sì na Brisbane ní 58 sí 0 nínú eré tí ẹni tó bá fìdí rẹmi máa lọ sílé. Ká ní wọ́n ti lé Arthur ni, ta là bá máa yìn fún ìyẹn?