Kì í ṣe Constantine ló sọ ẹ̀sìn Kristi di ẹ̀sìn ìjọba Róòmù

Àwọn Kristẹni àti àwọn tó ń takò wọ́n jọ gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́: pé Késárì Constantine ló sọ ẹ̀sìn Kristi di ẹ̀sìn ìjọba Róòmù, àti pé ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea, ní ilẹ̀ Turkey òde òní, ní ọdún 325 ló ti yan àwọn ìwé inú Bíbélì. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Ohun tí Constantine àti Licinius, tí wọ́n jọ ń jọba nígbà náà, fẹnu kò sí ní Milan ní ọdún 313 ni pé kí olúkúlùkù máa sin ohun tó bá wù ú, kí a sì dá ilẹ̀ àti ilé ìjọsìn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Kristẹni padà fún wọn. Constantine kò fi oyè olórí àwọn àlùfáà ìbílẹ̀ Róòmù sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 337. Késárì Theodosius ló pàṣẹ ní Tẹsalóníkà, ní ọdún 380, pé ìgbàgbọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù àti ti Alẹkisáńdíríà dì mú ni kí gbogbo ará ìlú máa tẹ̀ lé.

Ní Nicaea, ẹ̀kọ́ Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, tó ní Baba ló dá Ọmọ, ló dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Wọ́n jíròrò ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n sì ṣe òfin 20 fún ìjọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yan ìwé Bíbélì. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon, ti ń jà fún ìwé Ìhìn Rere mẹ́rin ní nǹkan bí ọdún 180, kí a tó bí Constantine rárá. Ọdún 367 sì ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, to ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun sínú lẹ́tà rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìtàn èké yìí ń bo ibi tí ọwọ́ ọba ti wọ ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́. Constantine ló pe ìpàdé náà, ó fi ohun ìrìnnà ìjọba kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù wá, ó sì lé Arius kúrò nílùú. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní kí Arius padà wá; ní ọdún 335, Athanasius, alátakò Arius, ló lé lọ sí Trier, ní ilẹ̀ Jámánì òde òní. Àlàáfíà ìjọba rẹ̀ ló ń wá, ẹni tó bá sì dà á rú ni ìyà máa ń jẹ. Kódà Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Nicomedia, ọ̀rẹ́ Arius tí Constantine fúnra rẹ̀ ti lé nílùú rí, ló ṣe ìrìbọmi fún un nígbà tí ikú dé.